Ṣé Ó Yẹ Kí Eré Alákọsílẹ̀ Ní Ìkànnì Ọ̀rọ̀ Tí Gbogbo Òṣèré Ń Gbọ́?

Ẹ̀yin olùgbọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Bí eré orí kọ̀ǹpútà kan bá wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kíkọ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é, tí kò ní àwòrán rárá, tí òṣèré kọ̀ọ̀kan sì ń gbé ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀ nínú ayé àròsọ tó kún fún ìlú, igbó àti ihò ilẹ̀, ṣé ó yẹ kí a ṣí ìkànnì kan sílẹ̀ níbi tí ohun tí ẹnì kan bá kọ yóò ti hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sí gbogbo ẹni tó wà nínú eré náà, níbi yòówù kí ẹ̀dá ìtàn wọn wà? Èrò tèmi ni pé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ẹni tuntun tó ń wá ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú eré tó jẹ́ pé gbígbé ẹ̀dá wọ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, kò yẹ kí a ṣí i gbayawu fún ìtàkúrọ̀sọ tọ̀sán-tòru.

Irú eré yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1978, ní Yunifásítì Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Roy Trubshaw bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré tí a mọ̀ sí MUD lórí kọ̀ǹpútà ńlá PDP-10 tó jẹ́ ti yunifásítì náà. Richard Bartle, tí òun náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1980, ó sì ṣe é parí. Nínú eré yẹn, òṣèré lè bá àwọn tó wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì lè fi àṣẹ SHOUT kígbe kí gbogbo ayé gbọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ohùn tó kárí eré jẹ́ àṣà àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìtàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé igbe jẹ́ ìṣe ẹ̀dá ìtàn: ẹni tó kígbe nínú ihò ilẹ̀ ti jẹ́ kí ọ̀tá mọ̀ pé òun wà láàyè. Ìkànnì tí a ń bèèrè fún lónìí kì í ṣe ìṣe ẹnikẹ́ni nínú ìtàn. Ó dúró sí ẹ̀yìn òde ayé náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ wọ inú rẹ̀.

Àwọn tó kọ kóòdù irú eré wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Ẹ wo CircleMUD, kóòdù tí ènìyàn lè fi kọ́ irú eré yìí, tí Jeremy Elson gbé jáde ní ọdún 1993 ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tó kọ́ ọ lé orí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Copenhagen ní Denmark. Nínú rẹ̀, àṣẹ "shout" kì í kọjá agbègbè tí ẹ̀dá ìtàn wà. Àṣẹ "holler" ń dé ibi gbogbo, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, àmì 20 nínú agbára ìrìn ẹ̀dá náà ni yóò lọ sí i, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń pariwo kiri kò ní lè rìn jìnnà. Wọ́n tún fi àyè sílẹ̀ fún yàrá tí ariwo òde kì í wọ̀. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí ni wọ́n gbé "gossip" sí, tí ó dé ibi gbogbo, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ó rọrùn láti mọ èyí tí ènìyàn yóò yàn láàárín ohun ọ̀fẹ́ àti ohun tó ń jẹ agbára.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ ìkànnì yìí, nítorí ẹjọ́ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ayé eré alákọsílẹ̀ máa ń fẹ̀, nítorí pé ìpínrọ̀ kan péré ti tó láti dá yàrá kan sílẹ̀, ẹni tó bá sì lè kọ̀wé dáadáa lè kọ́ ìlú kan láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ayé kan bá ní yàrá 5,000, tí ènìyàn 20 péré sì wà nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹni tuntun lè rìn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láì pàdé ẹnikẹ́ni. Kò sí àwòrán tí yóò mú un lójú. Kò sí orin. Ohun tó máa rò ni pé ayé náà ti di ahoro, yóò sì jáde, kò sì ní padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn 20 náà wà níbẹ̀, tí àwọn kan lára wọn ń retí ẹni tuntun tọkàntọkàn. Gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ìkànnì gbogbogbò, "Ẹ káàbọ̀, kí ni ẹ ń wá?", lè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró. Eré tí kò bá ní ọ̀nà kankan láti sọ gbólóhùn yẹn ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé àlejò lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè bá àwọn tó ní kí a má ṣí ìkànnì kankan rárá ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Ní ọdún 1996, Bartle gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó pín àwọn òṣèré sí oríṣi mẹ́rin: àwọn tó ń lépa àṣeyọrí, àwọn tó ń ṣàwárí ayé, àwọn tó ń wá ẹlẹ́gbẹ́, àti àwọn tó ń wá ẹni tí wọn yóò fi ìyà jẹ. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé bí a bá fẹ́ kí àwọn òṣèré ṣe pàtàkì ju ayé eré lọ, ọ̀kan lára ohun tí a lè ṣe ni pé kí a fi kún àwọn ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbé e yẹ̀ wò. Ohun tó ń sọ ni pé ìkànnì máa ń yí ohun tí eré jẹ́ padà. Ẹni tó ń ṣàwárí yóò rí i pé àwọn mìíràn ti sọ ibi tí ìṣúra wà kí òun tó dé ibẹ̀. Ẹni tó sì ń wá ẹni tí yóò fi ìyà jẹ yóò rí àwùjọ tí irú rẹ̀ kò lè pé jọ fún un láé nínú ihò ilẹ̀.

Nípa gbígbé ẹ̀dá wọ̀ fúnra rẹ̀, àṣà wa fi ohun kan yé wa. Bí egúngún bá jáde, ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú, bí ará ilé bá sì dá ẹni náà mọ̀ nípa ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní pe orúkọ rẹ̀ lójú agbo. Gbogbo àwùjọ ló jọ ń di ìbòjú náà mú. Òṣèré inú eré alákọsílẹ̀ nílò irú àjọṣe yìí gẹ́lẹ́. Bí ẹ̀dá ìtàn kan bá ń sin òkú ọba nínú ààfin, tí ọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù àná, owó orí fóònù àti ẹni tó fẹ́ ta idà rẹ̀ sì ń já lu ìdárò náà lórí ojú ìwé kan náà, ẹ̀kú ti ya. Àwọn eré tó mú gbígbé ẹ̀dá wọ̀ ní dandan kì í fojú kékeré wo èyí. Armageddon MUD kò fún àwọn òṣèré rẹ̀ ní irú ìkànnì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí ọkàn ẹ̀dá kan fi ń kan ọkàn èkejì, tí wọ́n ń pè ní "the Way", ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, apá kan ìtàn ayé náà sì ni. Fallen London, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìtàn kíkà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ Failbetter Games ṣí ní ọdún 2009, lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn òṣèré rẹ̀ ń pe ara wọn wá jẹun, wọ́n ń kọ lẹ́tà síra wọn, ṣùgbọ́n kò sí gbàgede ariwo nínú eré náà.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti ìṣọ́, ìyẹn bíbójú tó ohun tí àwọn òṣèré ń sọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lórí ìkànnì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ọ̀ràn ń bá ni ti ẹni tó ni eré. LambdaMOO, ayé alákọsílẹ̀ tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California, ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ irú eré yìí mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1992, àwọn alákòóso rẹ̀, tí wọ́n ń pe ara wọn ní oṣó, kéde pé àwọn kò ní dá sí ìjà àwọn òṣèré mọ́, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni ti àwọn. Kò pẹ́ sí i, ní 1993, òṣèré kan lo ètò kọ̀ǹpútà tó sọ lórúkọ ọmọláńgidi láti kọ ìwà ìbàjẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn ẹlòmíràn lọ́rùn nínú yàrá tí èrò pọ̀ sí. Wọ́n lé e jáde kúrò nínú yàrá náà. Ó sì ń bá a lọ láti ibòmíràn, nítorí pé ohun tó ń lò kò mọ ògiri. Ọ̀kan lára àwọn tí ó ṣe é sí sunkún gidi nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn òṣèré pe ìpàdé, wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọn kò rí ojú ọ̀rọ̀ náà, nígbẹ̀yìn oṣó kan dá pa orúkọ ẹni náà rẹ́. Curtis wá gbé ètò ìdìbò kalẹ̀ kí àwọn ará ibẹ̀ lè máa ṣòfin fúnra wọn. Nígbà tí yóò fi di 1996, àwọn oṣó tún kéde pé àwọn ti padà sídìí ìdájọ́, nítorí pé ẹni tó bá ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ ènìyàn kò kan òun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú ìtàn yìí ni àìsí ògiri yẹn. Inú yàrá, ènìyàn lè rìn kúrò. Lórí ohun tó kárí eré, kò sí ibi tí a ó sá lọ àfi kí a ti eré pa.

Òfin ìjọba náà ti wá wọ ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2023 kan eré tí àwọn òṣèré ti lè bá ara wọn sọ̀rọ̀, àjọ Ofcom, tó ń mú òfin náà ṣẹ, sì lè bu owó ìtanràn lé ẹni tó ni eré, tó tó pọ́n-ùn mílíọ̀nù 18, tàbí ìdá 10 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un káàkiri àgbáyé, èyí tó bá pọ̀ jù. Ẹni méjì tó ń fi àkókò ìsinmi wọn tọ́jú eré ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ rò ó dáadáa.

Àwọn kan gbà pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń sẹ́ èébú kúrò nínú ọ̀rọ̀ yóò ṣe iṣẹ́ ìṣọ́ náà. Mi ò gbára lé e. Ètò tí wọ́n kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ kí "olóríburúkú" kọjá wẹ́rẹ́ bí ẹni ń kíni.

Èyí tó ṣiṣẹ́ ju sísẹ́ èébú lọ ni bí a ṣe to ẹnu ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ Riot Games, tó ni League of Legends (kì í ṣe eré alákọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá), pa ìkànnì tí ẹgbẹ́ méjì tó ń jà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ìròyìn wọn ni pé ọ̀rọ̀ burúkú dín kù ju ìdá 30 nínú 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ni lílo ìkànnì náà kò dín kù. Kingdom of Loathing, eré aláwàdà tí ọ̀rọ̀ kíkọ pọ̀ nínú rẹ̀ ju àwòrán lọ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ní kí òṣèré kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò kékeré lórí kíkọ Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara kó tó lè wọ ìkànnì. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń dín ẹni tó kàn fẹ́ ya wọlé wá bú ènìyàn kù.

Ẹnìkan yóò sọ pé bí a kò bá ṣí i, Discord àti WhatsApp wà, ibẹ̀ ni wọn yóò gbà lọ. Òótọ́ ni, inú mi sì dùn sí i. Ẹni tó lọ síbẹ̀ mọ̀ pé òun ti bọ́ ẹ̀kú sílẹ̀. Àwọn tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn ni àwọn afọ́jú, tí wọ́n pọ̀ nínú irú eré yìí nítorí pé ẹ̀rọ tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà lè ka gbogbo rẹ̀ fún wọn: láti máa ti inú eré bọ́ sínú ètò mìíràn léraléra kò rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn náà gan-an ni ìkànnì tó ń da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ìtàn yóò kọ́kọ́ yọ lẹ́nu, torí ẹ̀rọ náà yóò máa ka ìtàkúrọ̀sọ mọ́ wọn létí nígbà tí ìjà bá gbóná. Ohun tó kéré jù ni pé kí ọ̀rọ̀ ìkànnì máa wọ fèrèsé tirẹ̀, bí Mudlet, ètò tí òṣèré fi ń wọ irú eré yìí, ṣe lè ṣe é.

Nítorí náà, ohun tí mo bá ẹni tó ní irú eré yìí sọ ni pé kó ṣí ìkànnì ìrànlọ́wọ́ kan, kó wà ní ṣíṣí fún ẹni tuntun, kó sì wà ní pípa fún ẹni tó ti dàgbà nínú eré títí yóò fi yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Kí ìkànnì náà sùn ní wákàtí tí kò bá sí alábòójútó kankan lójúfò. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ ohùn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kó kígbe, kó sì san owó igbe. Kí a dán an wò fún oṣù mẹ́ta, kí a má ka iye ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Iye ẹni tuntun tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì ni kí a kà. Bí iye yẹn kò bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí a ti ìkànnì náà pa, kí a sì ní kí àwọn alábòójútó máa rìn nínú ìlú tí ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀kú tiwọn, kí wọ́n máa kí àlejò.