Òṣómàáló Tí Kò Lè Gun Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Rẹ̀ Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì àti àwọn ọmọ wọn sọ nìyí, nínú gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Òkèsà, Iléṣà. Mo ti yọ àwọn ibi tí a ti ń dúró de ẹni tó lọ tan jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wakọ̀ wá láti Èkó àti Àbújá nítorí òbí yín, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe jẹ́ òṣómàáló. Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ lọ ìlú onílùú, á tà á láwìn, bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gba owó òun. Owó yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ rìn láti ibí dé ọjà Atákúnmọ́sà, kí ẹ máa kà wọ́n. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó tún ń dùn mí, ni pé eékún tí bàbá fi lóṣòó gbowó nígbà náà ni kò jẹ́ kí wọ́n lè gun ilé tí owó náà kọ́ mọ́.

Bàbá wà lókè, ayé wà nísàlẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù: ẹnì kan ń ta páàtì ọ̀kadà, ẹnì kan jókòó ti POS. Ọjọ́ ilé ìwòsàn nìkan ni bàbá ń fojú kan títì. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin á gbé wọn lórí àga oníke, wọ́n á máa sọ fún ara wọn pé "rọra, rọra", bàbá á dijú.

Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, àwọn ọmọ ló ń pè mí jù: "Ẹ̀gbọ́n, lífítì wo la lè rà fún Dádì?" Ìdáhùn mi kì í tètè dùn mọ́ wọn. Mo máa ń ní kí wọ́n fi ti gígòkè sílẹ̀ ná, kí wọ́n sọ fún mi bí Dádì ṣe máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ẹ̀rọ tí kò bá ní ìdáhùn sí ìyẹn, ẹ má rà á wá sí Iléṣà, ì báà jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Ìyà ló kọ́ mi. Ìyá mi ta aṣọ dé Ọ̀fà àti Ìlọrin kí làkúrègbé tó dá wọn jókòó. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wá ra àga tí ń gun àtẹ̀gùn, alòkù, ó fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́. Fún ẹni tí kò bá rí i rí: àga kan ni, ó jókòó lórí irin gbọọrọ tí wọ́n dè mọ́ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dókè. Ẹ ó jókòó, ẹ ó so ìgbànú, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, á máa gbé yín lọ jẹ́jẹ́. Bí ọwọ́ bá kúrò lórí bọ́tìnnì, á dúró. Èyí tí àbúrò mi kọ́kọ́ rà, irin rẹ̀ ní kọ́nà. A ò mọ̀ pé irin oníkọ́nà dà bí aṣọ tí télọ̀ rán: ìwọ̀n àtẹ̀gùn ilé kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, kì í bá ilé ẹlòmíì mu. Ó wà lẹ́yìnkùlé mi dòní, adìẹ ló ń sùn lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó ra èyí tí irin rẹ̀ lọ gbọnrangandan. Ìyẹn ṣeé gé kúrú, a sì dè é tán kí oòrùn ọjọ́ kan tó wọ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ alòkù láti òkè òkun lẹ fẹ́ rà, irin tó lọ gbọnrangandan nìkan ni kí ẹ fojú sí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá apá ọ̀tún àtẹ̀gùn ló wà fún tàbí òsì.

Bátìrì méjì, fóltì 12 lọ́kọ̀ọ̀kan, ló ń gbé irú àga bẹ́ẹ̀. Iná ilé kàn ń ṣáájì wọn ni, nígbà tí àga bá wà ní ibùdó rẹ̀ lókè tàbí nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè lọ tí àga á ṣì máa lọ, á máa bọ̀, fún ìgbà mélòó kan. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹnjiníà, ara iná NEPA ni mo so ṣájà náà mọ́, mi ò so ó mọ́ ìnfátà. Ni transífọ́mà àdúgbò bá jó. Ìyá mi ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í ké "pí, pí". Wọ́n ní ó ń kí àwọn ni. Lọ́jọ́ kẹfà, ó dúró sórí àtẹ̀gùn keje.

Wọn ò pariwo. Nígbà tí mo dé, orin ni wọ́n ń kọ, ohùn wọn ò tilẹ̀ gbọ̀n. Àmọ́ ọwọ́ wọn ti di apá àga mú débi pé ìka kọ̀ọ̀kan la tú. Ẹsẹ̀ wọn ò kan ilẹ̀, ìró wọn ti ká dé eékún, ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan sì dúró nísàlẹ̀ tó ń wò. Ìró yẹn ló dùn wọ́n jù. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbé ṣájà sára ìnfátà. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan rárá.

Ta wá ni irú àga yìí yẹ? Ẹni tó ṣì lè dìde, tó lè yí ìdí, tó lè jókòó ṣinṣin láìsí ẹni tó ń dì í mú. Bó bá jẹ́ pé rọpárọsẹ̀ ló mú apá kan, ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ ọwọ́ tó ṣì lágbára ni bọ́tìnnì wà. Bí wọ́n bá dókè, àga gbọ́dọ̀ lè yí kọjú sí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí wọ́n tó dìde, kó má jẹ́ ẹnu àtẹ̀gùn ni wọ́n ti máa na ẹsẹ̀. Bí ẹni náà bá ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ máa yọ kọ́kọ́rọ́ àga. Ní ti ilé àtijọ́ tí àtẹ̀gùn rẹ̀ jẹ́ pákó, ara àtẹ̀gùn ni wọ́n sábà ń de irin mọ́, kì í ṣe ògiri, nítorí náà ẹ kan pákó náà kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ti rí èyí tí ikán jẹ inú rẹ̀ tán, tó jẹ́ ọ̀dà nìkan ló kù.

Ẹni tí kò lè kúrò lórí kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́? (Ọ̀pọ̀ àgbà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní àga onítáyà.) Pèpéle ló yẹ wọ́n: irin pẹlẹbẹ tó ní ọgbà yí ká, tí àga onítáyà á yí wọ̀, tí á gbé àtàga àtèèyàn. Kì í sáré. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ní kó má ju mítà 0.15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àjà tó ga ní mítà 3 á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń rìn lórí irin oníṣukúrúù, bíi jáàkì kékeré tó wà nínú búùtù mọ́tò yín. Èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí irú jáàkì bẹ́ẹ̀ kì í dédé já bọ́, bí iná bá sì kọ̀, a lè fọwọ́ yí i sọ̀kalẹ̀. Kí ẹ tó rà á, ẹ gbé téèpù, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà gbogbo tí àga onítáyà máa gbà. Ínṣì 32 ló dáa kí ó ṣí sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa, òmíràn ò ju 24 lọ. Ẹ ó wá gbé bàbá dókè tán, wọn ò ní lè wọ ibi tí wọ́n ti máa tọ̀.

Lífítì tó dà bí yàrá kékeré, irú ti báńkì, ló wọ́n jù, irú rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tó ń lo ọ́ìlì dà bí jáàkì àwọn fọkanáísà: páǹpù á ti ọ́ìlì wọlé, á gòkè, bí ẹ bá tú ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ọ́ìlì á padà, á rọra sọ̀ láìsí iná. Èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ fa ara rẹ̀ sókè nínú ọ̀pá ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì dà bí ọmọdé tó ń fi sítírọ́ọ̀ mu mínírà; bí ó bá yọ ẹnu, mínírà á padà sísàlẹ̀. Àwọn kékeré inú rẹ̀ kì í gba àga onítáyà. Èyí tó ń lo okùn irin ní tirẹ̀, iná ló gbọ́kàn lé. Bí kò bá ní bátìrì tí á gbé e dé àjà tó súnmọ́ jù, inú rẹ̀ lẹ ó jókòó sí títí iná á fi dé.

Ọ̀rọ̀ okùn yẹn ló mú mi rántí àwọn wẹ́dà wa. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí "lífítì" tí wọ́n fi ṣéènì tí mẹ̀káníìkì fi ń gbé ẹ́ńjìnnì ṣe, tí ìyá àgbà ń gùn. Ní New York, lọ́dún 1854, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha Otis dúró sórí pèpéle tí okùn gbé sókè, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ní kí wọ́n gé okùn náà. Wọ́n gé e. Pèpéle náà ò já bọ́, torí ó ti ṣe eyín irin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò so mọ́ òpó bí okùn bá já. Ṣáájú ìgbà náà, okùn ti ń gbé ẹrù sókè tipẹ́. Eyín irin yẹn ló jẹ́ kí èèyàn fọkàn tán an. Bí wẹ́dà yín bá ní òun lè ṣe lífítì, ẹ ní kó fi ibi tí eyín náà wà hàn yín, kí ẹ sì ní kí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ gùn ún.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹnì kan á ní kí bíríkìlà lu dẹ́kìn pálọ̀ kí lífítì gba ibẹ̀ kọjá. Irin inú dẹ́kìn yẹn ló gbé ilé dúró, bí wọ́n bá gé e láìfi irin mìíràn gbè é, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní tèmi, ìta ni mo máa ń gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńkónì, lórí òpó irin tirẹ̀, kí a kàn ṣí ọgbà báńkónì di ilẹ̀kùn. Ẹ bò ó lórí, kí ẹ sì ṣe ọ̀nà tí omi òjò máa gbà jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Alángbá náà ò gbọ́dọ̀ ráyè wọ inú àpótí iná rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àtẹ̀gùn iwájú ilé nìkan ló ń dá wọn dúró, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ da sìmẹ́ńtì, kó máa ga díẹ̀díẹ̀: bó bá ga ní ínṣì kan, kó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Gbọ̀ngàn tí a wà yìí pàápàá, àtẹ̀gùn márùn-ún ni, ínṣì 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ bàtà 30 ló sì máa gbà, àyè náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà lọ́hùn-ún. Mo rí bí wọ́n ṣe gbé bàbá kan wọlé láàárọ̀ yìí. Òfin tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. (Wọ́n pàtẹ́wọ́ níbí. Pásítọ̀ ò pàtẹ́wọ́.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ àwọn ọmọ onílé nínú. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ yẹn dáadáa. Owó tí ẹ ń gbà lórí rẹ̀ lọ́dún, ṣé ó tó fífi bàbá ṣe ẹlẹ́wọ̀n lókè? Ẹ fún ayálégbé láyè kó wá ibòmíràn, kí ẹ fa omi wọ ibẹ̀, kí ẹ ṣe balùwẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò. Ohun tí mo padà ṣe fún ìyá mi nìyẹn. Iwájú títì ni wọ́n wà báyìí, kò sẹ́ni tó ń kọjá tí wọn kì í kí, wọ́n sì mọ iye tí ẹlẹ́ran ń ta ẹran ju èmi lọ.

Ìyá kan tó jókòó níwájú bi mí pé ṣé wọ́n wá sọ àga náà nù ni. Mo ní rárá, ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí ọmọ ilé kan bá ti dúró sẹ́yìn wọn, ìyá mi á so ìgbànú, wọ́n á gòkè lọ yẹ ìwé tí wọ́n kọ orúkọ onígbèsè sí wò. Ẹnì kan ṣì wà ní Ọ̀fà. Wọ́n ní òótọ́ ni pé àwọn ò lè lóṣòó mọ́, ṣùgbọ́n kí ó má rò pé àwọn ti gbàgbé.