Múrí oníbébà: ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ wo ọwọ́ mi. Múrí ni, ogún náírà! Kì í ṣe ọlọ́ràá o, oníbébà àtijọ́ ni. Ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ ìyá mi àgbà, níbí ní Òkèlele, nílùú Ìlọrin, la ti bá a.

Ara orúkọ Ọ̀gágun Murtala Muhammed la ti gé "Múrí". Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì 1977 ló jáde, ó ku ọjọ́ méjì kí ikú ọ̀gágun náà pé ọdún kan. Òun ló kọ́kọ́ gbé àwòrán gbajúmọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Kò sí owó tó jù ú lọ títí N50 fi dé ní 1991.

Ó yá, ẹyẹ kan wà nínú bébà rẹ̀ tí a fi ń dá ojúlówó mọ̀. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í rèé. Wọ́n á tẹ́ owó sórí tábìlì, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì lé e lójú, wọ́n á ní, "Bùọ̀dá, a ò rí ẹyẹ kankan." Ẹ ò lè rí i! Ẹ gbé e sókè. Ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà LẸ́YÌN owó. LẸ́YÌN! Mo kọjú sí fèrèsé báyìí... ẹyẹ idì nìyẹn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ náà ti yọ.

Ẹnikẹ́ni ò fi yíǹkì ya ẹyẹ yẹn. Bébà fúnra rẹ̀ ni: ibi tó nípọn ṣú, ibi tó fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ lọ wo àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò ní Dada. Ìgbà tí amọ̀ ṣì tutù ni wọ́n ń fọnà sí i; tó bá ti jóná, ó ku kí èèyàn fi ọ̀dà kùn ún lásán. Bébà owó náà nìyẹn, ìgbà tó ṣì rọ̀ tó sì lómi lára ni ẹyẹ ti wọ̀ ọ́. Oníṣẹ́ ayédèrú, bébà gbígbẹ ló rà! Ẹyẹ tó bá hàn ketekete lórí tábìlì, ẹyẹ irọ́ ni.

Ẹ wá fi èékánná gba orí lẹ́tà rẹ̀. Ó ń ha díẹ̀díẹ̀, àbí? Ẹ má fi itọ́ kàn án o, ẹ jọ̀ọ́.

Àwọ̀ ńkọ́? Oṣù Kẹrin 1984 ni ìjọba yí àwọ̀ owó padà, torí náà Múrí méjì lè yàtọ̀ síra kí méjèèjì jẹ́ ojúlówó.

2007 ni ọlọ́ràá dé. Ladi Kwali amọ̀kòkò ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fi han ìyá kan ní Dada. Ó gbà á, ó ń wo ọwọ́ obìnrin yẹn lára ìkòkò, ó pẹ́ kó tó dá a padà fún mi.