Ẹ Wọ̀n Ọ́n Lójú Onílé: Ọ̀rọ̀ lórí Àtúnlò Ike ní Ìgboro àti ní Abúlé

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa, mo júbà. Ilé-iṣẹ́ kan ló pè wá, pé kí a mú àbá wá lórí àtúnlò ike. Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀bùn ni wá, pé bí ìjọba kò bá fi ọlọ́pàá lé wa, a kò ní yé da ike sí gọ́tà. N kò fara mọ́ ọn rí. Kí ike tó gbòde, ta ni ó ń da ìgò nù nínú wa? Ìyá elépo ń wá a, ọlọ́tí kò ní gbé òmíràn fún wa láìgba òfìfo, ọmọdé tó bá sì fọ́ ọ mọ̀ pé òun ti wọ gàù. Ohun tó bá lówó lórí kì í pẹ́ lórí ààtàn.

Ohun tí Bilikiss Adebiyi-Abiola rí nìyẹn nígbà tó dá ilé-iṣẹ́ Wecyclers sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2012. Níwọ̀n bí ọkọ̀ akólẹ̀ kò ti lè wọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà tóóró, kẹ̀kẹ́ tó ń ru ẹrù ni wọ́n gbé wọ àdúgbò: wọn a gba ike, agolo àti ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà, wọn a wọ̀n ọ́n, máàkì a sì wọlé sórí fóònù onílé, èyí tí yóò fi gba oúnjẹ tàbí ohun èlò ilé tó bá yá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí òṣùwọ̀n yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Mo rí ìyá kan ládùúgbò wa tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n, tó ní kí wọ́n sọ àpò náà kalẹ̀, kí wọ́n tún un gbé kọ́, kó tó gbà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí n kò ní dárúkọ, ń kó àpò àwọn onílé lọ láìwọ̀n ọ́n, ó ní ó di ọ́fíìsì kí àwọn tó wọ̀n ọ́n. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ike fi padà sínú gọ́tà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òfin tí ìjọba Èkó fi de abọ́ fóòmù ní 2024, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìyá kan nawọ́: “Ọmọ mi, abúlé ni mo ti wá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Kẹ̀kẹ́ wo ni yóò gbé e dé Ìbàdàn?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rá òfìfo kò tó kílò kan, owó ọkọ̀ yóò sì jẹ èrè rẹ̀ tán. Ọ̀nà tí mo rí ni kí ilé-iṣẹ́ gbé àpò ńlá sí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, kí ọkọ̀ tó kó mínírà wá sí abúlé, tó sì ń padà lófìfo, máa kó o bọ̀.

“Ta ni yóò di òṣùwọ̀n mú?” ni ìyá náà tún bi mí. Àwọn fúnra wọn ló dáhùn: ìyálọ́jà ni, kì í ṣe awakọ̀. Mo ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àbá tí à ń gbé lọ fún ilé-iṣẹ́ tó pè wá.