Bí A Ṣe Ń Kọ Driver fún Scanner Fíìmù Tí Ilé-iṣẹ́ Rẹ̀ Ti Pa Tì

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀rọ̀ scanner fíìmù, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán orí fíìmù wọ kọ̀ǹpútà, bíi Nikon Coolscan V ED, ni mo bá wá. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ṣì ń tan iná, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ń yí bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun, kọ̀ǹpútà á kàn rí i pé nǹkan kan wà lẹ́nu USB òun ni. Kò ní mọ ohun tí yóò bá a sọ. Nikon Scan, ètò tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe fún un, kò kọjá Windows Vista, Nikon kò sì ṣe scanner fíìmù mọ́. Konica Minolta tó ṣe DiMAGE Scan Elite 5400 jáwọ́ nínú òwò kámẹ́rà ní 2006. Ìmọ̀ bí a ṣe ń bá àwọn ẹ̀rọ yìí sọ̀rọ̀ ń kú lọ nígbà tí ẹ̀rọ gan-an ṣì wà láàyè, torí pé ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìmọ̀ náà wà.

Ó ń dùn mí, nítorí fíìmù kì í tètè bàjẹ́. Nẹ́gátíìfù ìgbéyàwó àwọn òbí wa ṣì wà nínú páálí nílé àwọn fọ́tògíráfà àtijọ́ n'Ìbàdàn àti l'Abẹ́òkúta. Ní Salvador, ní Brazil, nẹ́gátíìfù fọ́tògíráfà Pierre Verger tó wà ní ìtọ́jú lé ní 60,000, àwòrán àwọn olórìṣà Kétu àti ti Bahia sì wà nínú wọn. Ta ni yóò gbé gbogbo èyí wọ kọ̀ǹpútà bí scanner bá ti di òkú òkúta?

Ògbufọ̀ ni driver. Ètò tí ẹ fi ń wo fọ́tò á ní "gba àwòrán yìí wá", driver á sì yí i sí báìtì tí ẹ̀rọ gbọ́. Lórí Linux, inú SANE, àkójọ driver scanner tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ni iṣẹ́ yìí ń gbé. Apá méjì ni SANE ní: frontend tí a ń fojú rí, àti backend tó mọ èdè ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ backend kan, gbogbo frontend tó wà nílẹ̀ ló lè lò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Coolscan ní backend coolscan, coolscan2 àti coolscan3. Àwọn scanner Reflecta kan ní pieusb. Backend genesys ń bójú tó díẹ̀ nínú scanner Plustek OpticFilm. Gbogbo wọn ni ẹ lè kà láti òkè dé ilẹ̀. Ẹnìkan á ní ṣebí VueScan, ètò tó ń bá oríṣiríṣi scanner ṣiṣẹ́, wà. Ó wà láti 1998, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ scanner là. Mo bọ̀wọ̀ fún Ed Hamrick tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n títì pa ni kóòdù rẹ̀ wà, nítorí náà ìmọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Báwo wá la ṣe ń gbọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wa? Etí la máa fi sílẹ̀. Ẹ gbé Windows àtijọ́ sínú virtual machine (kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà gidi) lórí Linux, ẹ fi ètò ilé-iṣẹ́ náà sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí usbmon máa gba gbogbo ohun tó ń kọjá lórí wáyà, kí ẹ sì fi Wireshark tú u wò. Òkìtì nọ́ńbà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Lára Coolscan, ẹ wá báìtì mẹ́fà yìí: 12 00 00 00 24 00. Ẹni tó bá ti ka ìlànà SCSI, èdè àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, á dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. INQUIRY ni, ìyẹn "ìwọ ta ni?" Òǹkà hexadecimal, tó ń fi mẹ́rìndínlógún ka nǹkan dípò mẹ́wàá, ni a fi kọ wọ́n, nítorí náà 24 tó wà níbẹ̀ jẹ́ 36 ní òǹkà ojoojúmọ́, iye báìtì tí à ń retí nìyẹn. Nínú èsì tó bọ̀, báìtì àkọ́kọ́ ni 06, tó túmọ̀ sí scanner. Ẹ fo mẹ́jọ àkọ́kọ́ kọjá, kí ẹ ka mẹ́jọ tó tẹ̀lé e bíi lẹ́tà: orúkọ Nikon ló jáde. Mẹ́rìndínlógún míì ni orúkọ ẹ̀rọ, mẹ́rin tó kẹ́yìn sì ni ẹ̀dà firmware, ìyẹn ètò tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Wáyà SCSI ni àwọn Coolscan àtijọ́ ń lò. Nígbà tí Nikon bọ́ sórí USB, wọn ò pa èdè SCSI náà tì. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan kún un tí kò sí nínú ìwé ìlànà kankan: lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti fi àṣẹ ránṣẹ́, ó máa ń fi báìtì kan péré tẹ̀lé e, d0, láti bi ẹ̀rọ bóyá òun ló kàn láti sọ̀rọ̀ tàbí láti gbọ́. Ẹ lè kà á nínú kóòdù coolscan2. Ẹni tí kò bá mọ d0 yìí á jókòó ti ẹ̀rọ tó dákẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí a yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ gba férémù kan ní 4000 dpi (iye àmì nínú ínǹṣì kan), ẹ tún gbà á ní 2000, kí ẹ to àkọsílẹ̀ méjèèjì síra wọn. Nínú àṣẹ tí SCSI ń pè ní SET WINDOW, ẹ ó rí i pé 0F A0 ti di 07 D0. 4000 ni ti àkọ́kọ́, 2000 ni ìkejì. Ẹ ti mọ ibi tí resolution, ìyẹn dpi, wà nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ bọ́ sórí òmíràn.

OpticFilm ti Plustek le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 7200i, fún àpẹẹrẹ, chip GL843 ti Genesys Logic ló wà níbẹ̀, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ "gba fọ́tò". Driver ló máa sọ iye ìgbésẹ̀ tí ẹ̀ńjìnnì máa gbé, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́ kó tó sáré, ibi tó máa dúró, ìgbà tí iná máa tàn. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ̀ńjìnnì á máa ti ẹrù rẹ̀ mọ́ ògiri inú ẹ̀rọ, á máa dún gàràgàrà. Ẹ má jìnnà sí wáyà iná. Ẹ tètè fà á yọ. Chip kan náà sì wà nínú ọ̀pọ̀ scanner ìwé, èyí ló mú kí backend kan lè gba ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́ra, ṣùgbọ́n sensor àti ẹ̀ńjìnnì wọn yàtọ̀ síra, ẹ kò lè da tábìlì nọ́ńbà ti ọ̀kan kọ fún èkejì.

Ẹ gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún ìwọ̀n àwòrán náà. Férémù 35mm jẹ́ mílímítà 24 sí 36. Ní 4000 dpi, ó di nǹkan bíi 3,780 sí 5,669, ó lé ní mílíọ̀nù 21 pixel. Bí àwọ̀ mẹ́ta bá wà ní bit 16, nǹkan bíi 128 MB ni. Bí ẹ bá fi infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí, kún un, ó tó 171 MB. Infrared ṣe pàtàkì púpọ̀. Ó ń gba inú àwọ̀ fíìmù kọjá, ṣùgbọ́n eruku ń dí i lọ́nà, nítorí náà ohun tó bá hàn dúdú níbẹ̀ ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí. Lórí fíìmù dúdú-òun-funfun ti ìbílẹ̀, fàdákà inú rẹ̀ gan-an ló ń dí i, kò sì wúlò níbẹ̀. Ní tèmi, iṣẹ́ driver ni kó gbé infrared náà wá láìfọwọ́ kàn án. Ètò mìíràn ni kó máa nu eruku.

Ní ti òfin, ìlànà 2009/24/EC ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gba ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti lo ètò kan pé kó máa wò ó bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì tún fàyè gba títú kóòdù rẹ̀ lábẹ́ àwọn ìdíwọ̀n kan, kí ètò mìíràn lè bá a ṣiṣẹ́ pọ̀. Amẹ́ríkà náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀ ní apá 1201(f) nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà wọn. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kó kóòdù tàbí firmware wọn sínú tiyín. Backend snapscan nínú SANE ti fi ọ̀nà hàn: ẹni tó ni ẹ̀rọ ló máa yọ firmware láti inú CD tirẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ gbé àkọsílẹ̀ yín síta: nọ́ńbà ẹ̀rọ tí lsusb (àṣẹ Linux tó ń to ẹ̀rọ USB) fi hàn, àṣẹ tí ẹ ti mọ̀, èyí tó ṣì rú yín lójú. Driver tó dá dúró lágbedeméjì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú ìwé méjì tó ṣàlàyé SET WINDOW dáadáa lè gbé ẹlòmíì dé ibi tí ẹ kò dé. Bí driver bá wá ń ṣiṣẹ́, fáìlì kan wà nínú SANE tí ẹ ti máa kọ ipò ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: untested, minimal, basic, good, complete. Bí ẹ kò bá tíì rí ẹ̀rọ tí ó jọ tiyín dán wò, ẹ kọ untested sí i, kí ẹni tó ní in mọ̀ pé òun ni à ń retí.