Ife Omi Inú Mọ́tò: Ohun Tó Mú Wa Jókòó Ti Initial D

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí wọ́n gbé fún mi ni pé, kí ló dé tí eré àwòrán nípa àwọn ọmọ tó ń fi mọ́tò sáré lóru fi ń gba ọkàn ẹni tí kò tilẹ̀ di sítíárìn mú rí? Initial D ni mo máa fi dáhùn, torí òun ni mo mọ̀ jù, mo sì ti wò ó ju bó ṣe yẹ àgbàlagbà lọ. Kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíákíá: eré sísá kọ́ ló dè wá mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ ni.

Shuichi Shigeno ló kọ ọ́, òun náà ló yà á, gẹ́gẹ́ bí ìtàn alálàwòrán tó ń jáde nínú ìwé ìròyìn Young Magazine ní Japan láti 1995 títí di 2013. Ìdìpọ̀ 48 ló di. Ní 1998 ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ìpín 26 ni apá àkọ́kọ́. Agbègbè Gunma ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí òkè pọ̀ sí. Òkè tí wọ́n pè ní Akina nínú eré, òkè Haruna ni wọ́n wò tí wọ́n fi yà á. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, tó ń wé bí ejò láti orí òkè wá sísàlẹ̀, touge ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ó tó báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ mọ́tò.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Keisuke Takahashi, ọ̀kan nínú RedSuns, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ tó wá láti òkè Akagi, ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Akina nínú Mazda RX-7 rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Lọ́kàn tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá òun du ọ̀nà yẹn. Àfi bí iná mọ́tò kan ṣe yọ nínú dígí ẹ̀yìn. Ó fi kún eré, iná ẹ̀yìn kò jìnnà sí i. Ó tún fi kún un, ṣe ni ti ẹ̀yìn túbọ̀ ń sún mọ́ ọn. Ìgbà tó máa fi ríran dáadáa, Toyota àtijọ́ kan ni, funfun òun dúdú, ó sì ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kọ́nà tó le wà níwájú. Keisuke ti ń retí ìró irin. Mọ́tò yẹn ju ìdí sí apá tí kò yẹ, ó tún jù ú padà sí apá tó yẹ, ó wọ kọ́nà, ó lọ. Keisuke rò pé iwin ni òun rí.

Iwin ọ̀hún ń lọ sílé lọ sùn ni. Takumi Fujiwara lorúkọ rẹ̀, ọmọ ilé-ìwé girama, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tòfú fún hòtẹ́ẹ̀lì tó wà lókè létí adágún ni. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n sì mú dì bíi wàrà ni tòfú. Bunta, baba rẹ̀, ló ń ṣe é tà. Láti ọmọ ọdún 13 ni Bunta ti ń fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 18 ni òfin Japan gbà kí ènìyàn tó wa mọ́tò. Takumi kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kò mọ orúkọ mọ́tò tó ń wà. Tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé epo bá ń ròyìn mọ́tò, ṣe ni ojú rẹ̀ máa ń dà bíi ti ẹni tí wọ́n ń bá sọ èdè mìíràn.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí rèé: ife omi. Kí ọmọ yìí tó gbéra, baba rẹ̀ á rọ omi sínú ife kan, á gbé e sí àyè ife nínú mọ́tò. Kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi kò gbọdọ̀ dà sílẹ̀, torí bí omi bá dà, tòfú ti fọ́ nìyẹn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ya ife yẹn. Bí mọ́tò bá wọ kọ́nà, omi á gun ẹ̀gbẹ́ ife, á dé ẹnu rẹ̀ gan-an, á máa yí po létí bí ẹni ń wá ọ̀nà àbájáde, á sì padà wálẹ̀. Ẹ̀kán kan kò ní já. Mo ti rí àwọn tí kò bìkítà fún mọ́tò rárá, tí wọ́n dákẹ́ lójijì níbi ife yìí.

Òótọ́ sì wà nídìí rẹ̀. Táyà mẹ́rin ni mọ́tò fi di ilẹ̀ mú, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi kan ọ̀dà kò ju nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹ bíréèkì, ìwúwo á dà síwájú: táyà iwájú á rinlẹ̀, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́. Yí sítíárìn lásìkò yẹn, ìdí mọ́tò á fẹ́ yọ̀ lọ síta. Ẹni tó bá ń tẹ nǹkan gbì, tó ń yí sítíárìn fìrì, omi rẹ̀ á dà, táyà rẹ̀ náà á sì já ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ìwúwo yẹn kiri pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lè sáré gan-an kí omi má mì ju bó ṣe yẹ. Àṣé ẹ̀kọ́ ni Bunta ń kọ́ ọmọ, ọmọ rò pé wọ́n kàn ń rán òun níṣẹ́ ni. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pe Takumi jókòó kó wá kọ́ ìwakọ̀. Àárọ̀ lẹ́yìn àárọ̀, nínú yìnyín, nínú òjò, ojú ń kún un, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ́n.

Mọ́tò náà bá a mu. Toyota Sprinter Trueno AE86, tí wọ́n ṣe láàárín 1983 sí 1987. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju lítà 1.6, agbára ẹṣin 130 ni, ìwúwo rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí Takeshi Nakazato, awakọ̀ mìíràn tó wá bá Takumi díje, gbé Nissan GT-R R32 wá, agbára ẹṣin 280, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fa mọ́tò, gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò ti pín ẹ̀bùn fún Nakazato. Ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ni. Òkè fúnra rẹ̀ ń fa mọ́tò, agbára ẹ́ńjìnnì kò fi bẹ́ẹ̀ níyì mọ́. GT-R wúwo, bíréèkì àti táyà iwájú rẹ̀ ló ń san gbèsè ìwúwo yẹn ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, títí wọn ò fi gbọ́ràn mọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ẹ lè bá a ṣírò.

Ẹ má rẹ́rìn-ín sí ohun tó gbé Takumi dé orí ìlà ìdíje àkọ́kọ́ o: epo. Ó fẹ́ gbé ọmọbìnrin kan lọ sétíkun, baba rẹ̀ sì ṣèlérí mọ́tò pẹ̀lú epo kíkún táǹkì bó bá lọ borí Keisuke nínú eré sísá. Ògo àbí orúkọ kò sí níbẹ̀. Nínú ìdíje náà ló ti ju táyà inú sínú gọ́tà etí ọ̀nà, tí etí gọ́tà di táyà mú fún un bíi ti ojú irin, tó fi gba kọ́nà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò pé ó ṣeé gbà lọ. Ó ti ń ṣe é tipẹ́ kó lè tètè délé.

Ohun mìíràn tí àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kì í sábà dárúkọ: àwọn tó dúró sétí ọ̀nà. Ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń ṣàlàyé fún ẹnìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀. Itsuki, ọ̀rẹ́ Takumi, ń pariwo, Iketani tí wọ́n jọ wà nílé epo ń ṣírò, Ryosuke, ẹ̀gbọ́n Keisuke, ń túmọ̀ bíi dókítà tó ń ka èsì àyẹ̀wò. Àwa tí a kò mọ gíà yàtọ̀ sí bíréèkì, ara wọn ni a wà.

Orin ńkọ́? Eurobeat ni, orin ijó tí ìlù rẹ̀ yá, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti Ítálì wá, lọ́wọ́ àwọn bíi Dave Rodgers, ìlù rẹ̀ ń sáré tó nǹkan bí 150 ní ìṣẹ́jú kan. Ó rọrùn láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Pa ohùn rẹ̀ kí o tún wo ìdíje kan, wàá rí i pé ọkàn rẹ kò sáré mọ́. Àwòrán mọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ní 1998 kò dàgbà dáadáa, kí n má purọ́. Ó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ojú tí wọ́n fọwọ́ yà. Ìtàn àwọn obìnrin inú rẹ̀ náà rọ, àfi Mako àti Sayuki, obìnrin méjì tó jọ ń díje ní òkè Usui, tí wọ́n mọ ọ̀nà wọn débi pé ojora mú Takumi.

Wọ́n tún bi mí bóyá eré yìí kò ti àwọn ọmọ sójú ọ̀nà. Ìkìlọ̀ wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pé ìtàn àròsọ ni, kí olúkúlùkù pa òfin ìrìnnà mọ́. Mi ò ní fi ìyẹn bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gba gbogbo ojú ọ̀nà ní kọ́nà tí kò ríran kọjá, ẹ̀mí ẹni tó ń bọ̀ níwájú ló fi ń ta tẹ́tẹ́, òǹkọ̀wé nìkan ló lè pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má bọ̀. Keiichi Tsuchiya, awakọ̀ ìdíje tó gba àwọn tó ṣe eré náà nímọ̀ràn lórí ìwakọ̀, ojú ọ̀nà òkè ló ti kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pápá ìdíje ló ti di olókìkí. Ní tòótọ́ pẹ̀lú, owó AE86 ti gbówó lórí lọ́wọ́ àwọn tó ń wá a kiri, Toyota fúnra wọn sì pe mọ́tò tí wọ́n gbé jáde ní 2012 ní 86.

Ọ̀dọ́ kan níwájú ní òun kò tíì wò ó rí, ó ní ìpín wo ni kí òun fi bẹ̀rẹ̀ kí òun lè tètè débi eré sísá. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpín kìíní, kó má sì fo ibi tí Takumi ti ń rọ epo sínú mọ́tò oníbàárà nílé epo, tó ń yán, tí kò sẹ́ni tó ń sáré.