Ọmọ Ìjọ Àgùdà, Kí Lo Gbà Gbọ́ Gan-an?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Badagry àti gbogbo ibi tẹ́ ẹ ti ń wo fídíò yìí. Tẹ́nì kan bá dá yín dúró lọ́jà Agbálátà, tó ní ẹ̀yin Kátólíìkì yìí, níbo ló wà nínú Bíbélì pé kéèyàn máa gbàdúrà fún òkú, kí lẹ máa sọ? Ọ̀pọ̀ wa á ní bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, àwọn míì á gbaná jẹ.

Ìdáhùn ń bẹ o. Ẹ ṣí ìwé Mákábì Kejì orí 12, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 38, ẹ máa rí i pé Júdásì Mákábì, olórí ogun àwọn Júù, dáwó jọ, ó fi ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù kí wọ́n fi rúbọ ẹ̀ṣẹ̀ fáwọn ọmọ ogun ẹ̀ tó kú lójú ìjà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bíbélì Yorùbá tó wọ́pọ̀ nílé wa, ìwé 66 ló wà nínú ẹ̀, tiwa jẹ́ 73. Tóbítì, Júdítì, Mákábì méjèèjì, Ọgbọ́n, Síráákì àti Bárúkù ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń bá yín jiyàn ò parọ́ o, kò sí nínú tiẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀yin náà ò sì mọ̀ pé ó wà nínú tiyín, lẹ bá jọ dúró síbẹ̀ lẹ ń pariwo léra yín lórí.

Ti Màríà tí wọ́n ní à ń sìn ńkọ́? Apá àkọ́kọ́ nínú "Mo kí ọ Màríà", inú Lúùkù orí 1 ló ti wá, áńgẹ́lì Gábríẹ́lì ló kí i ní ẹsẹ 28, Èlísábẹ́tì ló sọ̀rọ̀ ní ẹsẹ 42. Lẹ́yìn náà la wá ní kó gbàdúrà fún wa, bá a ṣe máa ń bẹ ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ti ère tí wọ́n ní à ń bọ, ìpàdé ńlá tí Ìjọ ṣe ní Níséà lọ́dún 787 ti parí ẹ̀: ọlá tá a fún àwòrán, ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ń lọ bá, Ọlọ́run nìkan la sì ń sìn.

Àmọ́ kì í ṣe ará ìta ló ń dùn mí jù, àwa fúnra wa ni. Èèyàn á gba Kọmúníọ̀n àkọ́kọ́ ní kékeré, á pa ìwé dé, ó ti wá di bàbá ọmọ mẹ́ta báyìí, ìmọ̀ ọmọdé yẹn náà ló ṣì ń lò. Ẹ wo rósárì tí wọ́n fi kọ́ sára dígí kẹ̀kẹ́, ẹni tó gbé e kọ́ ò ka ẹ̀wá kan, ìyẹn "Mo kí ọ Màríà" mẹ́wàá, níbẹ̀ rí, ó ṣáà gbà pé tó bá ti wà níbẹ̀, jàǹbá ò ní ṣẹlẹ̀, bí ońdè. Kátíkísìmù, ìwé tó kó ẹ̀kọ́ Ìjọ wa jọ, sọ ọ́ gbangba ní ìpínrọ̀ 2111 pé ìgbàgbọ́ asán nìyẹn.

Àwọn tó ṣáájú wa ò ṣe báyìí o. Kó tó di pé Fada wá jókòó l'Ékòó, Pa Antonio, ẹrú tó gba òmìnira, tí kì í ṣe Fada, ló ń kó àwọn Àgùdà jọ gbàdúrà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn, ní 1876, làwọn Fada SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún Áfíríkà, tó wá dá oko sílẹ̀ ní Tòpó wa níbí.

Kátíkísìmù tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní 1992, ìpínrọ̀ 2,865 ló ní, ẹ má jẹ́ kẹ́rù bà yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ kà á tán lọ́sẹ̀ kan. Ibi tó bá ń dùn yín lọ́kàn ni kẹ́ ẹ ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ lè mú YOUCAT, Kátíkísìmù tiwọn tó jáde ní 2011, ìbéèrè àti ìdáhùn ni. Kẹ́ ẹ sì máa ka ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n máa kà ní Máàsì ọjọ́ Sunday látalẹ́ Sátidé, torí ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yí po, ẹni tó bá tẹ̀ lé e á ti gbọ́ Mátíù, Máàkù àti Lúùkù dáadáa.

Ohun tí ò bá yé yín, ẹ bi kátíkíìsì, ẹni tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Ìjọ. Màríà alára bi áńgẹ́lì pé báwo ló ṣe máa rí bẹ́ẹ̀, kó tó gbà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Máàsì parí ná o, ẹ má lọ dá bàbá kátíkíìsì dúró nígbà tí Fada ti ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.