Ohun Tí Jọ́nà Ìmọ̀ Àbùdá Ń Bèèrè Kó Tó Gba Iṣẹ́ Yín

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni pé, kí ló dé tí jọ́nà ńlá, ìyẹn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, fi ń dá iṣẹ́ padà láìtiẹ̀ tíì fi han àwọn tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ kò ka ibi tí jọ́nà náà ti sọ ohun tó ń gbà àti èyí tí kì í gbà. Jọ́nà kan ni mo máa fi ṣàlàyé lónìí: GENETICS, ti ẹgbẹ́ Genetics Society of America.

Ọdún 1916 ló bẹ̀rẹ̀, George Harrison Shull, ọ̀gá nínú ìwádìí àgbàdo, sì ni olóòtú rẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ Calvin Bridges, onímọ̀ àbùdá ará Amẹ́ríkà, ló wà ní ojú ewé kìíní, lórí àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ tó máa ń ṣù bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Bí akọ olójú pupa bá gun abo olójú funfun, ojú pupa ló yẹ kí àwọn ọmọ tó jẹ́ abo ní, kí àwọn akọ sì ní ojú funfun bíi ti ìyá wọn. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, abo olójú funfun á yọ láàárín wọn. Bridges tọpa ìran irú eṣinṣin bẹ́ẹ̀, ó fi awò wo kírómósómù wọn, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì rí abo tó ní kírómósómù X méjì pẹ̀lú Y kan, bẹ́ẹ̀ X méjì péré ló yẹ kí abo ní. X méjèèjì ti ìyá, tí ojú funfun wà lórí wọn, ni kò pínyà nígbà tí ẹyin ń dá. Ibẹ̀ ló ti fi hàn pé orí kírómósómù ni jíìnì, ìyẹn ẹyọ àbùdá kọ̀ọ̀kan, ń gbé.

Ìwé náà gùn débi pé ìtẹ̀jáde méjì ni wọ́n pín in sí. Ohun tó wọ̀ mí lójú jù ni pé Bridges kò sọ pé "mo rí i" kó dákẹ́. Tábìlì lórí tábìlì ló kó kalẹ̀: iye ọmọ tí akọ àti abo kọ̀ọ̀kan tó gun ara wọn bí, àwọ̀ ojú wọn, akọ mélòó, abo mélòó. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè sin eṣinṣin tirẹ̀ kó sì kà á. Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà.

Ọ̀pọ̀ nínú òfin tí jọ́nà náà ní lónìí, orí kókó yìí ló dúró lé. Kọ́kọ́ wo ohun tó ń gbà. GENETICS fẹ́ iṣẹ́ tó la ohun tuntun yé wa nípa bí àbùdá ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń tàtaré sí ọmọ, bó ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, ì báà jẹ́ nínú ìwúkàrà, igi tàbí ènìyàn. Lọ́dún 2011 ni ẹgbẹ́ yìí kan náà dá G3 sílẹ̀. Ìyẹn kì í bèèrè bóyá ariwo á ta lórí iṣẹ́ yín. Ohun tó ń bèèrè ni bóyá ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é tọ́, àti bóyá á wúlò fún ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ka gbogbo DNA (èròjà tí àbùdá wà nínú rẹ̀) irúgbìn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, G3 ní ìsọ̀rí fún un. Àwọn onímọ̀ àbùdá tí àwọn fúnra wọn ṣì ń ṣèwádìí ló ń ṣe olóòtú. Bí GENETICS kò bá gba iṣẹ́ kan, wọ́n lè ní kí ẹ gbé e lọ sí G3 pẹ̀lú àlàyé àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò, kó má di pé ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Jọ́nà tó bá ní òun á tẹ iṣẹ́ yín jáde lọ́jọ́ mẹ́ta bí ẹ bá ti sanwó, ẹ sá fún un.

Ọ̀rọ̀ dátà ló le jù. Àtẹ̀léra DNA gbọ́dọ̀ wà ní GenBank, ilé ìpamọ́ DNA lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí irú ibi bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé lè dé. Ìran eṣinṣin tí ẹ lò, ẹ gbọ́dọ̀ lè fún ẹni tó bá bèèrè. Ẹ tún ṣọ́ra fún Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe tábìlì o! Jíìnì kan ń jẹ́ SEPT2 tẹ́lẹ̀, òmíràn ń jẹ́ MARCH1. Bí ẹ bá tẹ̀ wọ́n síbẹ̀, á sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù. Lọ́dún 2016 ni àwọn olùwádìí rí i pé nínú àwọn iṣẹ́ tó fi àkójọ jíìnì sínú Excel, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní àṣìṣe yìí. Nígbà tó di 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ kéde pé SEPTIN2 àti MARCHF1 ni kí a máa pè wọ́n. Ẹ ò rí nǹkan: jíìnì ló yí orúkọ padà nítorí Excel!

Èyí tó kàn kàn wá gan-an. Nínú iṣẹ́ HapMap, ìwádìí àgbáyé lórí bí DNA ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, ìdílé ọgbọ̀n ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àádọ́rùn-ún ènìyàn lápapọ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kọ ìlànà sílẹ̀ pé kí olùwádìí kọ́kọ́ pè wọ́n ní "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà" kó tó gé e kúrú sí YRI, kó má sì pè wọ́n ní "àwọn ará Áfíríkà" lásán. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àádọ́rùn-ún ènìyàn láti ìlú kan kò lè dúró fún Ìjẹ̀bú àti Kétu, áńbọ̀sìbọ́sí Kẹ́ńyà. Síbẹ̀, ẹ ṣì máa rí ìwé tó ń ṣe é. Bí olóòtú bá ní kí ẹ tún gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ, ẹ má bínú sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda náà ńkọ́? Lọ́dún 2024, jọ́nà kan tó ń jẹ́ Molecular Genetics & Genomic Medicine fa iṣẹ́ méjìdínlógún láti Ṣáínà yọ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé kò dá a lójú pé àwọn tí wọ́n gba DNA wọn fi tinútinú gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ni o. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé abẹ́rẹ́, ẹ lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí nílé ìwé yín, kí ẹ sì fi èdè tí olúwarẹ̀ gbọ́ ṣàlàyé fún un kó tó fọwọ́ síwèé. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ yẹn wà lára ohun tí olóòtú á kọ́kọ́ wá.